Ọgbà tí Àna Wa Hun sí Etí Odò

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní àkùrọ̀ kan létí odò, lọ́nà tó lọ sí Ìtapàjí láti ìlú wa. Mo sọ pé ó ní in, bí ẹni pé ó ṣì wà bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: ó ní in nígbà kan rí. Ilẹ̀ náà ò lọ síbì kan, ẹnikẹ́ni ò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ àkùrọ̀ ò sí níbẹ̀ mọ́. Ohun tó ń jẹ́ àkùrọ̀ kì í ṣe ilẹ̀ nìkan. Ilẹ̀ ni, omi ni, ẹrẹ̀ ni. Tí ọ̀kan bá yọ ẹsẹ̀ nínú wọn, ó di oko lásán.

Ẹni tó bá dàgbà sí agbègbè wa mọ̀ pé odò wa kì í ṣe odò ńlá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ewúrẹ́ lè fò ó kọjá níbi tó bá ti tẹ́ẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa lókè, tí iṣu tuntun ń kù sí dẹ̀dẹ̀, odò á kún, àwọ̀ rẹ̀ á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, á sì gòkè wá sórí àkùrọ̀, á tẹ́ síbẹ̀ bí ẹní. Kì í pariwo. Á kàn dúró ni, bí àlejò tó mọ ilé. Ìgbà tó bá fà lọ, á ti fi ẹrẹ̀ dúdú sílẹ̀, ẹrẹ̀ tó ń dán, tó ń gbé ẹsẹ̀ èèyàn mì dé ọrùn ẹsẹ̀.

Ògì ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ní tí a bá sẹ́ ògì tán, tí a gbé e kalẹ̀, ògì á rọlẹ̀, omi á tòrò lókè. Ṣùgbọ́n tí ẹnì kan bá jókòó ti ìkòkò náà tó ń mì ín, ògì ò ní rọlẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ó ní odò tó ń sáré, ìkòkò tí wọ́n ń mì ni. Èyí tó bá sinmi lórí àkùrọ̀ ló ń fún èèyàn ní nǹkan.

Òun sì rí nǹkan gbà nínú rẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ bá ti gbẹ oko gbogbo ayé, tí àwọn èèyàn ń jẹ ilá gbígbẹ, tẹ̀tẹ̀ tútù ń bẹ lọ́dọ̀ rẹ̀, ṣọkọ ń bẹ, ata ń bẹ, àgbàdo tútù tí a ń sun ń bẹ. Ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́. Àkùrọ̀ yẹn ló fi tọ́ àwọn ọmọ, nígbà tí àwọn ọmọ sì dàgbà tán, òun náà ló ń gbé e dìde láàárọ̀. Mo máa ń rí i tó ń kọjá níwájú ilé mi pẹ̀lú igbá lórí, mo sì máa ń kí i pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò sinmi?" Á ní, "Kí n sinmi kí n máa wo ojú rẹ?"

Nígbà tó yá, odò yí ìwà padà. Wọ́n ti ro igbó tó wà lápá òkè fún oko, àwọn ògùrọ̀ tó máa ń dá omi dúró ti lọ. Omi ń kún bí ti àtẹ̀yìnwá, kì í kàn dúró mọ́ ni. Tó bá dé lọ́sàn-án òní, kó tó di àárọ̀ ọ̀la ó ti lọ, ó sì ti kó ẹrẹ̀ rẹ̀ dání. Iyanrìn ló ń fi sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi á bẹ̀rẹ̀, á bu ilẹ̀ sọ́wọ́, á fi ìka rà á, á dà á nù.

"Ulẹ̀ yìí ń rù," ló máa ń wí, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ewúrẹ́ tó ń ṣàìsàn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn nígbà tí àbíkẹ́yìn rẹ̀ obìnrin mú ọkọ wálé. Ọkùnrin náà kì í ṣe ará ibí. Ọmọ Ìlàjẹ ni, láti etí òkun, níbi tí ilé ti ń dúró lórí òpó. Iṣẹ́ káfíńtà ló ń ṣe ní Ìkọ̀lé. Ó ga, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tó bá sì dọ̀bálẹ̀ kí èèyàn, àyà rẹ̀ á kan ilẹ̀ ní tòótọ́. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní.

Lọ́dọ̀ wa, ọ̀wẹ̀ ni a fi ń mọ àna. Ọkùnrin tó bá fẹ́ ọmọ ẹni á kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn, wọn á wá fi ọjọ́ kan ṣiṣẹ́ lóko àna. Àwọn kan ti sọ ọ́ di nǹkan tí wọ́n ń fi ẹ̀bùn rọ́pò lóde òní. Ọmọ Ìlàjẹ yìí kọ̀, ó ní òun á ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó kó àwọn káfíńtà ẹgbẹ́ rẹ̀ wá láti Ìkọ̀lé, wọ́n sì wọ oko iṣu ẹ̀gbọ́n mi láti kọ ebè.

Ẹ ò bá rí ebè wọn. Òmíràn dà bí àwo tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, òmíràn ṣe ṣónṣó bí fìlà. Òjò kan ṣoṣo rọ̀, ó tẹ́ gbogbo rẹ̀ pẹrẹsẹ. Àwọn ìyàwó ilé wa ò jẹ́ kó sinmi.

"Àna, ṣé àwọ̀n lo fi kọ ebè yìí ni?"

"Ẹ fi í sílẹ̀. Ó rò pé ẹja la fẹ́ gbìn síbẹ̀."

"Ebè ò burú. Ó kàn ti lúwẹ̀ẹ́ lọ ni."

Òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ ilẹ̀ ló ń wò. Ẹ̀gbọ́n mi lé wọn, ó ní kí wọ́n lọ wo ọbẹ̀ tó ń jóná nínú ilé wọn. Ọ̀rọ̀ náà ò tán lára ọkùnrin yẹn. Ẹni tó bá mọ ojú á rí i pé ó ń wá ọ̀nà tí yóò fi san ọ̀wẹ̀ náà dáadáa.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a jókòó síwájú ilé ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìn oúnjẹ, èmi, òun, ọmọ rẹ̀ àti àna wa. Ẹ̀gbọ́n mi ń ráhùn nípa iyanrìn tó bo àkùrọ̀ rẹ̀. Àna wa tẹ́tí sí i títí, ó wá ní:

"Màmá, àwa ò ní nǹkan mìíràn ju ẹrẹ̀ lọ. Orí rẹ̀ ni wọ́n bí mi sí."

"Báwo ni tiyín ṣe ń dúró?" ni ẹ̀gbọ́n mi bi í.

"Omi tiwa kì í gbé ojú kan. Á wọlé láàárọ̀, á jáde lọ́sàn-án, á tún wọlé nírọ̀lẹ́. Tó bá ń wọlé, á ru ẹrẹ̀ láti ẹnu òkun wá. Kó tó yíjú padà láti jáde, á kọ́kọ́ dúró díẹ̀, bí ẹni tó gbàgbé nǹkan. Níbi tó ti dúró yẹn ni ẹrẹ̀ á ti rọlẹ̀."

"Ta ló wá kó ẹrẹ̀ sí ẹnu òkun?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá. Ẹ̀yin ará òkè. Àwọn odò yín ló ń rù ú wá bá wa."

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí i. "Ẹrẹ̀ mi wà lọ́dọ̀ yín nìyẹn?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Ẹ kú ìtọ́jú," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, gbogbo wa sì rẹ́rìn-ín. Bóyá odò wa ń dé ọ̀dọ̀ wọn lóòótọ́, mi ò mọ̀. Odò a máa gba ilé ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọjá kó tó dé òkun.

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, ó ṣàlàyé ohun tí bàbá rẹ̀ máa ń ṣe. Bàbá náà á ri igi sínú ẹrẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, á fi imọ̀ ọ̀pẹ hun àárín wọn bí ọgbà. Omi tó bá wọlé á gba inú ọgbà náà kọjá, àmọ́ kò ní lè sáré jáde mọ́. Ẹrẹ̀ á dúró sẹ́yìn ọgbà, á máa ga díẹ̀díẹ̀. Ó ní bí ilẹ̀ abẹ́ ilé àwọn ṣe dìde nìyẹn.

"Màmá," ó wí, "ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn ṣe ọ̀wẹ̀ yín."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "O ṣé, àna mi. Wá ṣe é."

Bàbá kan wà, Àlàájì, tí àkùrọ̀ rẹ̀ bá ti ẹ̀gbọ́n mi pààlà lápá ìsàlẹ̀. Tó bá ń ti ìrun ìrọ̀lẹ́ bọ̀, ó máa ń ya ilé ẹ̀gbọ́n mi kí i. Nígbà tó gbọ́ nípa ọgbà náà, ó ṣe bí ẹni tí kò fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ ẹbí, àmọ́ kò lè mú un mọ́ra.

"Ìyá àwọn ọmọ," ó wí, "odò kì í fẹ́ kí wọ́n na ọwọ́ sóun lójú."

"Mo gbọ́, Àlàájì. Ọ̀wẹ̀ àna ni. Ṣé kí n ní kó gbé e padà?"

Àlàájì mi orí. Ó mọ̀. Kò sẹ́ni tó ń kọ ọ̀wẹ̀ àna lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá kọ ọ̀wẹ̀ ti kọ ẹni tó mú un wá, gbogbo àdúgbò á sì gbọ́.

Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ṣe é. Wọ́n kó ọparun wá, wọ́n kó imọ̀ ọ̀pẹ wá. Ká ní ẹ rí àna wa lọ́jọ́ náà. Ẹni tó dúró bí igi nínú oko iṣu, nígbà tó dé inú ẹrẹ̀ ara rẹ̀ yá bí ti ẹja. Ó tẹ́ pákó pẹlẹbẹ sílẹ̀, ó fi orúnkún kan lé e, ó ń fi ẹsẹ̀ kejì ti ara rẹ̀ lọ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń rì, ó ń fà wọ́n yọ. Àwọn ìyàwó ilé tó wá wòran wá láti fi í ṣẹ̀fẹ̀ ni. Ọ̀kan nínú wọn ló wá ní, "Àṣé ibi tó mọ̀ la ò tíì mú un dé." Ìgbà tí wọ́n parí, ọgbà náà lọ gbọọrọ létí odò, ó gún, ó dán mọ́rán. Káfíńtà ló ṣe é, ẹ ò gbọdọ̀ gbàgbé.

Òjò dé. Odò kún, ó gòkè, ó bá ọgbà pàdé. Omi ń gba àárín imọ̀ ọ̀pẹ wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nígbà tó sì fẹ́ padà, kò lè sáré. Ọjọ́ tó fà tán, ẹ̀gbọ́n mi bọ́ bàtà, ó wọ inú àkùrọ̀, ẹrẹ̀ dúdú gbé e dé agbede ojúgun. Ó ní kí ọmọ mi tó bá wa lọ bá òun pe àna lórí fóònù níbẹ̀ gan-an. Mo gbọ́ ohun tó wí. Ó ní, "Àna mi, ó ti dé. Ẹ kú uṣẹ́ o." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ó ń tẹ ẹrẹ̀ náà mọ́lẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́, bí ẹni ń jó.

Ẹ̀fọ́ ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Ewé tẹ̀tẹ̀ fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ àgbà. Àwọn ìyàwó ilé tó fi ebè ṣe yẹ̀yẹ́ ń wá bu ẹ̀fọ́, wọ́n sì sọ ọkùnrin náà ní Àna Ẹlẹ́rẹ̀. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn. Tó bá wá láti Ìkọ̀lé, á kọ́kọ́ gba ọ̀nà odò lọ kó tó wálé, á máa wo ọgbà rẹ̀, á máa fi ọwọ́ mì ín, á pààrọ̀ imọ̀ tó bá jẹrà.

Ní òjò tó tẹ̀lé e, ẹrẹ̀ tún dé, ó sì jókòó sídìí ọgbà náà ju gbogbo ibi lọ. Ó ga, koríko hù lórí rẹ̀, gbòǹgbò koríko sì dì í mú. Níbi tí ọgbà wà tẹ́lẹ̀, òkìtì gbọọrọ ló wá wà níbẹ̀. Gbogbo wa rí i, ó dùn mọ́ wa nínú. A ní ẹ̀bùn ńlá ni.

Lọ́jọ́ kan tí mo bá ẹ̀gbọ́n mi lọ síbẹ̀, ó dá iṣẹ́ dúró, ó nà ró.

"Ṣé o gbọ́ odò?" ó bi mí.

"Mo gbọ́ ọ."

"Ó ti jìnnà."

Mo ní bóyá etí rẹ̀ ló ń darúgbó. Ó ní etí òun ò darúgbó débi tí kò fi mọ ohùn ẹni tí òun ti ń bá gbé láti ìgbà tí òun wà ní ìyàwó. Mo ní kó sọ fún àna nígbà náà. Ó mi orí. Àna wa wà lápá ọ̀hún, nínú ẹrẹ̀, ó ń ri ọ̀wọ́ igi kejì, ó ń kọrin ilé wọn.

"Wò ó," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ọjọ́ wo lo ti rí i tó kọrin rí?"

Kò sọ fún un.

Òjò ńlá kan wá rọ̀ sí ìparí àsìkò náà. Odò dé, ó bá òkìtì níwájú, kò lè gòkè mọ́. Ó wá fi èjìká ti òdìkejì, níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀, tí igbó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò ro. Ó jẹ ilẹ̀ náà wọlé bí eku ṣe ń jẹ iṣu, ó bá ọ̀nà mìíràn lọ. Ìgbà tí omi fà, odò ti wà lẹ́yìn igbó lọ́hùn-ún. Ojú ọ̀nà rẹ̀ àtijọ́ di kòtò omi tí kò ṣàn, ó di ti àkèré, lẹ́yìn náà ó di ti koríko. Nígbà tí ọyẹ́ dé, ẹrẹ̀ dúdú tí a ń yọ̀ sí gbẹ, ó sán, ó sì lanu. Ẹ̀gbọ́n mi ń pọn omi láti ọ̀nà jíjìn wá bomi rin tẹ̀tẹ̀ rẹ̀, títí orúnkún rẹ̀ fi kọ̀ ọ́. Àwọn tẹ̀tẹ̀ náà yọ òdòdó nígbà tí wọn ò tíì ga ju ìka lọ, wọ́n sì kú.

Àna wa dé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa àwọn igi náà tu, àwọn tó lè fà, nítorí òmíràn ti ta gbòǹgbò. Ó padà wá pẹ̀lú ọkọ́ àti ṣọ́bìrì, ó gbẹ́ ojú ọ̀nà fún odò.

"Màmá, á padà," ó wí. "Omi máa ń padà."

Òjò rọ̀ lọ́dún kejì, odò gba ojú ọ̀nà tuntun rẹ̀ lọ, kò wo ẹ̀yìn. Àlàájì, tí odò ti fi àkùrọ̀ tirẹ̀ náà sílẹ̀ díẹ̀, ò bú ẹnikẹ́ni. Ó wá sílé ẹ̀gbọ́n mi, ó jókòó, ó ní, "Ẹ kú ọ̀rọ̀ odò," bí a ṣe ń kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀.

Láti ìgbà náà àna wa ò wá mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ń wá, á gbé búrẹ́dì dání, á gbé ẹja dání, á ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn ọkọ òun. Ẹ̀gbọ́n mi á gba ẹja, á dúpẹ́, á wo ẹnu ọ̀nà. Mo mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà yẹn ń dùn ún ju àkùrọ̀ lọ, nítorí àkùrọ̀ ló fi ra ọkàn ọkùnrin náà, ó sì ti wá pàdánù méjèèjì.

Nígbà tí bàbá àna wa kú, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lọ bá wọn sin òkú. A wọ ọkọ̀ títí ọ̀nà fi tán, a wá wọ ọkọ̀ ojú omi. Ìgbà tí a máa dé, omi ti jáde. Ẹ̀gbọ́n mi dúró lórí afárá pákó tó so ilé pọ̀ mọ́ ilé, ó ń wò. Ẹrẹ̀ ni gbogbo ibẹ̀, ó tẹ́ lọ títí ojú ò fi rí òpin rẹ̀, ó ń dán lábẹ́ oòrùn, omi sì ti fi ìlà sí i lára wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dì. Akàn kéékèèké ń wọ ihò, wọ́n ń jáde. Àwọn igi kan dúró síbẹ̀ tí gbòǹgbò wọn ga ju ilẹ̀ lọ, bí ẹni tó ká ṣòkòtò sókè. Lábẹ́ ilé olóògbé, mo rí ọgbà rẹ̀, orí igi rẹ̀ nìkan ló kù lókè, ẹrẹ̀ ti gbé ìyókù mì.

Lẹ́yìn ìsìnkú, nígbà tí àwọn èèyàn ń jẹun, ẹ̀gbọ́n mi padà sórí afárá. Omi ti ń wọlé. Kò pariwo, ó gba àwọn ojú ìlà yẹn wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó pọ́n, ó nípọn, ó kún wọn, ó bo gbogbo rẹ̀. Ó dúró. Nígbà tó ṣe, ó yí padà, ó ń jáde, ẹrẹ̀ tuntun wà lórí ti àná, tẹ́ẹ́rẹ́, bí ìpara. Àna wa ti wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ wa, nínú aṣọ ọ̀fọ̀.

"Ṣé ibi tí o ti kọ́ ọ nìyí?" ni ẹ̀gbọ́n mi bi í.

"Ibí ni, Màmá."

"O ò purọ́. Ó ń padà."

Ọkùnrin náà tẹrí ba. "Mo rò pé omi gbogbo ló ń padà."

"Tiwa kì í padà. Tó bá ti lọ, ó lọ nìyẹn. Ìwọ ò lè mọ̀. Mo gbọ́ ọ tó ń lọ, mi ò sọ fún ọ."

Ó gbé ojú sókè. "Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́?"

"Orin ni ò ń kọ," ni ẹ̀gbọ́n mi dá a lóhùn.

Ẹ̀gbọ́n mi wá gbá a lápá, bí a ṣe ń gbá ọmọ ẹni. "Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Máa wá sí ulé."

Ó sì ń wá. Ìyẹn la rí mú bọ̀ láti etí òkun, mi ò sì fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó bá rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tán ò mọ ohun tí àkùrọ̀ jẹ́ fún obìnrin tó ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Àna wa bá a wá àyè mìíràn létí odò tuntun. Àwọn tó ni igbó ọ̀hún ti ro ó kíákíá, wọ́n ti pín in, kò sì ṣẹ́ ku ibì kankan tí orúnkún rẹ̀ lè gbé e dé. Ẹ̀gẹ́ ló gbìn sí ilẹ̀ àtijọ́. Ẹ̀gẹ́ ń ṣe dáadáa níbẹ̀, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá wò ó láàárọ̀.

Ó ń ra ẹ̀fọ́ lọ́jà báyìí, ẹni tí wọ́n ń wá bu ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Á gbé ìdì tẹ̀tẹ̀ sókè, á fi ìka pa ẹrẹ̀ tó wà nídìí gbòǹgbò rẹ̀, á bi ẹni tó ń tà á pé níbo ló ti tu ú. Tí wọ́n bá ti sọ fún un pé etí odò tuntun ni, á sanwó, á gbé e sínú agbọ̀n, kò ní bá wọn ná an.